Ilé Púpọ̀ Kọ́ ni Ìlú: Ọ̀rọ̀ tí a sọ ní Àjọ̀dún Ọgọ́rùn-ún Ọdún Ìjọ Wa

Nígbà tí ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ní kí àwa àgbà sọ̀rọ̀ níwájú yín, èrò wọn ni pé a ó sọ ìtàn bí àwọn baba wa ti gba ìgbàgbọ́. Ìtàn náà dára, àwọn mìíràn yóò sì sọ ọ́ jù wá lọ. Ohun tí ó wà ní ọkàn wa lónìí ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé ilé ti gbọ́ ọ. Ọmọ wa kan, tí ó ń fi ilé kíkọ́ àti ilé títà ṣòwò ní ìlú ńlá, ti wá bẹ àwọn ẹbí tí ó ni ilẹ̀ lẹ́bàá títì pé kí wọ́n tà á fún òun. Ó fẹ́ wọn ilẹ̀ náà, kí ó la òpópó sí i, kí ó sì kọ́ ilé sí i fún títà. Ó wí fún wa pé kì í ṣe ilé nìkan ni òun fẹ́ kọ́, pé ìlú ni òun fẹ́ tún ṣe, kí ọmọ Ìgbómìnà tí ó wà ní Èkó àti ní òkè òkun lè ní ibi tí yóò padà sí. Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àwọn kan nínú wa ti ń pè é ní olùrànlọ́wọ́, àwọn mìíràn ń pè é ní olè. Àwa kò gbà pé ó jẹ́ ọ̀kan nínú méjèèjì. Oníṣòwò ni, èrè ni oníṣòwò ń wá, kò sì sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ìbéèrè tí ó yẹ kí a bi ara wa ni pé, kí ni ó ń sọ ọ̀pọ̀ ilé di ìlú?

Àwọn baba wa a máa sọ ọ́ pé ogbó, àdá tí Ọ̀ràngún gbà lọ́wọ́ Odùduwà, ni ó mọ̀nà títí wọ́n fi dé ilẹ̀ yìí, àti pé láti inú èyí ni a ti ń jẹ́ Ìgbómìnà. Bí wọ́n ti la igbó tán ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí kọ́lé, kò sì sí ẹni tí ó dá ilé kọ́ nínú wọn. Ọkùnrin tí ó bá fẹ́ kọ́lé a bẹ ọ̀wẹ̀. Àwọn àna rẹ̀ yóò wá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yóò wá. Àwọn kan yóò wa ilẹ̀, àwọn obìnrin yóò pọn omi, àwọn ọ̀dọ́ yóò fi ẹsẹ̀ po amọ̀, àwọn tí ọwọ́ wọn mọ́ yóò sì mọ ògiri. Wọn a mọ ipele kan, wọn a fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ, kí wọ́n tó mọ èkejì lé e. Nítorí náà ilé kan a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ìyàwó onílé a sì máa se oúnjẹ fún àwọn ọlọ́wẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí iṣẹ́ bá ń lọ. Nígbà tí a bá fi bẹẹrẹ bò ó tán, kò sí ẹnikẹ́ni ní àdúgbò tí ọwọ́ rẹ̀ kò kan ògiri náà. Ojúlé kọjú sí ojúlé, àgbàlá kan náà ni gbogbo agbo ilé ń lò, ọmọ tí ìyá rẹ̀ sì lọ sí ọjà kò ní fi ebi sùn. A kò wí pé kí a padà sí ilé amọ̀. Àwa tí a ti gun òrùlé bẹẹrẹ láti tún un ṣe ní ẹ̀ẹ̀rùn mọ bí páànù ti dára tó. Ọ̀wẹ̀ ni a ń sọ.

Ẹ jẹ́ kí á wo ibòmíràn. Ní October 1867 ni ohun tí àwọn Ẹ̀gbá ń pè ní Ìfọ́lé ṣẹlẹ̀ ní Abẹ́òkúta. A kó ilé ìsìn àti ilé àwọn òyìnbó ajíhìnrere, a sì lé wọn kúrò ní ìlú. Ọ̀pọ̀ Kristẹni Ẹ̀gbá bá wọn sọ̀kalẹ̀ wá sí Èkó láìní ibùgbé. John Hawley Glover, tí ó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà, fún wọn ní ilẹ̀ ní Ẹ̀bútẹ́ Mẹ́ta, ó la òpópó sí i, ó sì pín in ní ojúlé ojúlé. Ẹ̀yin tí ẹ ti gbé ibẹ̀ rí mọ̀ pé títì rẹ̀ ṣì tọ́ títí di òní bí ẹni pé a fi okùn nà án. Ṣùgbọ́n kì í ṣe títọ́ títì ni a fẹ́ yìn. Àwọn tí wọ́n jọ jìyà ni a jẹ́ kí wọ́n jọ gbé. Aládùúgbò kò pàdánù aládùúgbò rẹ̀, nítorí náà kò pẹ́ tí ìjọ St. Jude fi fìdí múlẹ̀ láàárín wọn. Glover kò kọ́ ilé fún wọn; ilẹ̀ àti ọ̀nà ni ó fún wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n kọ́ ìyókù.

Ní Èkó kan náà, a tún rí òdì kejì. Àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri wọ ìlú náà ní 1924. Nígbà tí ó di 1928 ìjọba dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀, Lagos Executive Development Board, láti tún ìlú ṣe. Ní 1955 ìgbìmọ̀ yìí bẹ̀rẹ̀ sí wó ilé ní àárín Èkó, ó sì ní 70 éékà lọ́kàn láti tún ṣe. Ó kọ́ ilé titun sí Sùúrùlérè fún àwọn tí a wó ilé wọn. Ilé náà mọ́, afẹ́fẹ́ ń wọlé, ẹnikẹ́ni tí ó bá rí i yóò yìn ín. Ọ̀gbẹ́ni Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wádìí bí ìgbé ayé ti rí fún àwọn tí wọ́n ṣí lọ, ó sì tẹ ìwé kan jáde ní 1961. Ohun tí ó rí kò dùn. Ìyá tí ó ń pàtẹ ọjà ní àárín ìlú kò rí oníbàárà rẹ̀ mọ́. Ẹni tí ó ń gbé ilé ẹbí, tí kò san owó ilé rí, bẹ̀rẹ̀ sí san owó ilé lóṣooṣù. Owó ọkọ̀ lọ sí ibi iṣẹ́ jẹ èrè iṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tí wọ́n ń rí ara wọn lójoojúmọ́ di ẹni tí ń rí ara wọn lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Kò sí ẹni tí ó ṣe ìkà sí wọn. A kàn fún wọn ní ilé ni, a gba ìlú lọ́wọ́ wọn.

A kò fẹ́ pẹ́ lórí Bódìjà ní Ìbàdàn, èyí tí àjọ ilé kíkọ́ tí Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn dá sílẹ̀ ní 1958 kọ́. Ilé àwọn ọ̀mọ̀wé ni, àwọn ọ̀mọ̀wé ni ó sì gbé e. Ti Lateef Jakande sún mọ́ wa jù, ẹni tí ó jẹ́ gómìnà Ìpínlẹ̀ Èkó láti October 1979 títí di December 1983. Ó kọ́ ilé tí agbára àwọn òṣìṣẹ́ kékeré lè ká sí ọ̀pọ̀ ibi, ó sì ń kọ́ ilé ẹ̀kọ́ lọ́tùn-ún lósì. Àwọn ẹlẹ́gàn fi ilé ẹ̀kọ́ náà wé ilé adìẹ. Ó kú ní February 2021, orúkọ rẹ̀ ni àwọn ènìyàn ṣì fi ń pe àwọn ilé náà.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó kan àwa tí a ní ọmọ ní ìdálẹ̀. Ní November 1969, ìjọba Ghana lábẹ́ Dókítà Busia pàṣẹ pé kí àwọn àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ará Ọ̀fà, ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti àwọn Yorùbá mìíràn tí wọ́n ti kọ́lé sí ibẹ̀ fi ilé àti ọjà sílẹ̀, wọ́n sì wọ ọkọ̀ akẹ́rù padà wá ilé. Láti ìgbà náà ni ọ̀pọ̀ ti pinnu pé bí àwọn bá tilẹ̀ ní yàrá kan péré ní ilé, àwọn yóò ní in. Nítorí náà a kì í fi ẹni tí ó kọ́lé tí kò gbé e ṣe ẹ̀sín. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa rìn ní àdúgbò wa ní àárín òjò, kí ẹ ka iye ilé ńlá tí kọ́kọ́rọ́ wà lẹ́nu wọn, tí koríko ti bo àgbàlá wọn, tí a kì í ṣí àfi ní Kérésìmesì àti Iléyá. Bí ọmọ wa bá kọ́ irú wọn sí i lẹ́bàá títì, ìlú yóò gùn, kò ní tóbi.

Àwọn kan yóò wí pé ẹ wo Òmù-Àrán. Òtítọ́ ni. Ní 2011 Yunifásítì Landmark ṣílẹ̀kùn níbẹ̀, èyí tí ìjọ Living Faith gbé kalẹ̀, ìjọ tí Bíṣọ́ọ̀bù David Oyedepo, ọmọ Òmù-Àrán, jẹ́ olùdásílẹ̀ rẹ̀, wọ́n sì fi ẹ̀kọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ ṣe pàtàkì. Iṣẹ́ ni ó bá àwọn ilé náà wá, kì í ṣe àgádágodo. Ṣùgbọ́n níbi tí òṣìṣẹ́ tí ń gba owó oṣù bá dé, iye ilẹ̀ a gòkè. Ayọ̀ ni fún ẹni tí ó ń ta ilẹ̀, ìnira ni fún aránṣọ tí ó ń wá yàrá kan. Èyí ni a sọ fún ọmọ wa, inú rẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ dùn.

Ẹ wo Èsìẹ́ pẹ̀lú, tí kò jìnnà sí wa. Nígbà tí àwọn ará Èsìẹ́ dé ibùdó wọn, wọ́n bá ère òkúta nínú igbó, iye wọn ju 1,000 lọ, kò sì sí ẹni tí ó lè sọ ẹni tí ó gbẹ́ wọn. Wọ́n kò ṣán igbó náà dànù. Wọ́n tọ́jú ohun tí kì í ṣe tiwọn. Ní 1933 Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, alábẹ̀wò ilé ẹ̀kọ́ fún CMS (ẹni wa ni, ẹ jẹ́ kí á fi í yangàn díẹ̀), ròyìn wọn fún àwọn aláṣẹ. Ní 1945 ni a sì ṣí ilé tí a kọ́ fún wọn, ilé ohun ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Bí ó bá jẹ́ pé katakata ni ó kọ́kọ́ dé inú igbó náà ńkọ́? Lórí ilẹ̀ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, ojú oórì àwọn baba wa wà níbẹ̀, ọ̀nà odò wà níbẹ̀, igi tí àwọn ìyá ń pàtẹ sí abẹ́ rẹ̀ ní ọjọ́ ọjà wà níbẹ̀. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó hàn nínú àwòrán tí ọmọ wa mú wá.

Ọ̀rọ̀ òfin kò lè ṣàìsí. Òfin Ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ sí abẹ́ ìtọ́jú gómìnà, ó sì fún ìjọba ìbílẹ̀ ní agbára lórí ilẹ̀ tí kì í ṣe ti ìgboro. Ìwé tí ẹbí fọwọ́ sí kò tó fúnra rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì ni àṣà wa, tí ilé ẹjọ́ pẹ̀lú gbà: bí olórí ẹbí kò bá lọ́wọ́ sí títà ilẹ̀ ẹbí, títà náà kò sí rárá, bí ó bá sì dá a tà láìfi ti àwọn àgbà ojúlé yòókù ṣe, ilé ẹjọ́ lè fagi lé e, bí wọ́n bá tètè pe ẹjọ́. Ẹ̀yin olórí ẹbí, a bẹ̀ yín, ẹ má fọwọ́ sí ìwé kankan ní alẹ́, ní yàrá, lójú owó.

A ti jókòó pẹ̀lú rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. A ní kí ó gbẹ́ kànga kí ó tó gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí gbogbo àdúgbò sì máa pọn ín. Ó gbà. A ní kí ọ̀nà odò wà bí ó ti wà. Ó gbà. A ní kí ó ya ojúlé díẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn olùkọ́ àti oníṣẹ́ ọwọ́ tí ń gbé ìlú yìí, kí wọ́n máa san án díẹ̀díẹ̀. Ó ní òun yóò ṣírò rẹ̀ wò. A ní kí ó má mọ odi yí i ká pẹ̀lú ẹnubodè tí ẹ̀ṣọ́ yóò máa bi ọmọ onílẹ̀ léèrè ibi tí ó ń lọ. Níbẹ̀ ni ó ti dákẹ́. Ó ní àwọn tí yóò ra ilé náà ní òkè òkun kò ní rà á bí kò bá ní odi, nítorí ẹ̀rù àwọn ajínigbé. A kò lè pe ẹ̀rù náà ní irọ́. Gbogbo wa ni a mọ bí ọ̀nà wa ti rí ní ọdún wọ̀nyí. Lórí odi yìí ni ọ̀rọ̀ wà títí di òní, ojú àwa àgbà pàápàá kò sì ṣọ̀kan lórí rẹ̀.

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tí ń bọ̀, ní agogo méje òwúrọ̀, a ó bá a rìn yí ilẹ̀ náà ká kí ó tó ri òpó kankan mọ́lẹ̀. Kí ojúlé kọ̀ọ̀kan rán ẹni kan wá. Ẹnikẹ́ni tí ó bá mọ ibi tí a sin àwọn àgbà sí, àní bí ó bá jẹ́ pé ìyá arúgbó ni tí a óò fi ọ̀kadà gbé, kí ó bá wa lọ.