Oúnjẹ Tó Bá Àsìkò Mu: Ọ̀rọ̀ fún Àwọn Ìdílé Wa ní Sandton

Wọ́n ní kí n sọ̀rọ̀ lórí oúnjẹ ilé. N kò ní pẹ́, nítorí ọbẹ̀ tó ń ta sánsán lẹ́yìn yìí kò ní jẹ́ kí ẹ gbọ́ mi.

Àwọn ará Japan ní ọ̀rọ̀ kan, shun, tí wọ́n fi ń pe ìgbà tí oúnjẹ kan bá dùn jù lọ, ìbáà ṣe ẹja, ewébẹ̀ tàbí èso. Ohun tí àsìkò bá gbé dé ọjà ni wọ́n ń sè nílé. Àṣà oúnjẹ wọn yìí, washoku, ni UNESCO kọ sínú ìwé àjogúnbá ní 2013. Nígbà tí mo gbọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ṣé àwa náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀ ni? Ta ní ń wá àgbálùmọ̀ lóṣù Kẹjọ? Èlùbọ́ gan-an, ọgbọ́n tí àwọn bàbá wa dá sí ìgbà tí iṣu tuntun kò sí lóko ni.

Ibi tó ti dojú rú ni pé àsìkò ibí yàtọ̀ sí ti ilé. Lóṣù Kẹfà tí àgbàdo tuntun ń jáde nílé, òtútù ló wà ní Johannesburg. Nǹkan bí oṣù Kẹwàá ni òjò ibí ń bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí ẹ fi ń rí àwọn obìnrin tó ń sun àgbàdo lẹ́bàá ọ̀nà nígbà Kérésì. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ wa ṣì ń fi kàlẹ́ńdà Ìbàdàn jẹun ní Sandton. À ń san owó gọbọi lórí ẹ̀fọ́ gbígbẹ tó wọ bàálù wá, nígbà tí ẹ̀fọ́ tútù wà ní Alexandra, ní òdìkejì títì M1.

Morogo ni wọ́n ń pe ẹ̀fọ́ lédè Sotho, imifino lédè Zulu. Imbuya tí ẹ ń gbọ́ yẹn, tẹ̀tẹ̀ ni. Delele tí àwọn Venda ń sè, tó ń yọ̀, ẹwédú ni. Àwọn Tsonga ń pè é ní guxe. Sódà ni wọ́n ń fi sí i bí àwa ṣe ń fi káún.

Mo mọ̀ pé Alexandra ni ìkọlù sí àwọn àjèjì ti bẹ̀rẹ̀ lóṣù Karùn-ún 2008. Àwọn kan nínú wa kò fẹ́ yà síbẹ̀ mọ́, n kò sì bá wọn jà. Ṣùgbọ́n obìnrin tí mo ń ra delele lọ́wọ́ rẹ̀ bi mí bí a ṣe ń sè é. Mo bu tèmi fún un, pẹ̀lú irú nínú. Ó ní òórùn rẹ̀ pọ̀ jù. Ó sì jẹ ẹ́ tán.

Nígbà òtútù, spinach ló pọ̀. Omi rẹ̀ pọ̀ púpọ̀: ẹ bọ̀ ọ́, ẹ fún un dáadáa, kí ata sì ti gbẹ lórí iná kí ẹ tó dà á sí i, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ṣíbí lẹ ó fi mu ẹ̀fọ́ rírò. Ògì náà kì í tètè kan. Èyí tó gba ọjọ́ mẹ́ta nílé lè gba márùn-ún níbí. Ẹ fi bùláńkẹ́ẹ̀tì wé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ẹ gbé e síbi tí oòrùn ti ń wọlé. Àwọn Tswana ní ting, ọkà bàbà kíkan. Ẹni tó bá mu ògì bàbà rí yóò mọ̀ ọ́n lẹ́nu.

Àwọn ọmọ ni mo ń rò jù. Àbíkẹ́yìn mi pe ẹ̀bà ní pap pupa níwájú àlejò, gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi í pé ìgbà wo ni iṣu ń jáde, ó ní gbogbo ìgbà, ní ṣọ́ọ̀bù. Ẹ̀rín yẹn kò wá mọ́. Mo gbin tẹ̀tẹ̀ sínú ìkòkò ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ fúláàtì wa. Òun ló ń bomi rin ín, òun ló ń já a, ó sì ń jẹ ẹ́ láìsí ìjà.

Irúgbìn rẹ̀ ló wà nínú àpò yìí. Ṣíbí kékeré kan tó fún ìkòkò márùn-ún. Ẹ dúró kí oṣù Kẹsàn-án parí kí òtútù má baà pa á, ẹ má sì jẹ́ kí yẹ̀pẹ̀ bò ó jù. Kí àwọn tó ní ọmọ kékeré kọ́kọ́ wá gba tiwọn.