Kí Ni Ọmọ Náà Wí?

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn òbí sọ ní Àpéjọ Gbogbogbòò ti Ìjọ, ní ìlú Accra

Àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí bí a ti í fi sùúrù tọ́ ọmọ kékeré, láìsí ariwo àti láìsí ìbínú. Nígbà tí mo gba ìwé wọn, ojú tì mí, nítorí kì í ṣe ohun tí mo ti mọ̀ ọ́n ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ ni wọ́n ní kí n wá kọ́ yín. Nítorí náà èmi yóò kọ́kọ́ sọ àṣìṣe tèmi, lẹ́yìn èyí ni a óò jọ wo ẹ̀kọ́ tí ó wà nínú rẹ̀.

Ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ìyàwó mi gbọ́ láti Ìbàdàn pé ara ìyá rẹ̀ kò yá. Ó wọ ọkọ̀ láti Accra, ó gba Aflao àti Lomé àti Kùtọnu kọjá lọ sí ilé, ó sì lo ọ̀sẹ̀ mẹ́fà níbẹ̀. Ọmọkùnrin wa, ọmọ ọdún mẹ́rin, ni ó fi sílẹ̀ fún mi. Ọmọ yìí ti ṣíwọ́ títọ̀ sórí ẹní fún bí ọdún kan. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ kò tíì lò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ lọ́hùn-ún tí ó fi tún bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kìíní mo bá a wí. Ní ọjọ́ kejì mo fi í ṣe ẹlẹ́yà lójú àwọn ọmọ àgbàlá. Ní ọjọ́ kẹta mo mú pàṣán. Láti ọjọ́ náà lọ, fún òwúrọ̀ mẹ́rin, gbígbẹ ni mo ń bá ẹní rẹ̀, mo sì ń yangàn fún àwọn aládùúgbò pé pàṣán ti ṣe iṣẹ́ tí ọ̀rọ̀ kò lè ṣe.

Ní ọjọ́ karùn-ún, òórùn kan bẹ̀rẹ̀ sí í jáde nínú yàrá. Mo wá a títí mo fi sún àpótí aṣọ kúrò nípò rẹ̀, mo sì bá ìró ìyá rẹ̀ méjì lẹ́yìn àpótí náà, a ká wọn jọ, wọ́n tutù rinrin. Ìró wọ̀nyí ni ọmọ náà ń tẹ́ sórí ẹní lóru. Bí ó bá tọ̀ sí i, yóò dìde kí ilẹ̀ tó mọ́, yóò sì gbé e pamọ́.

Ẹ̀yin ará, pàṣán mi kò kọ́ ọmọ mi láti má tọ̀ sílé. Ohun tí ó kọ́ ọ ni bí a ti í fi nǹkan pamọ́ fún baba ẹni.

Ìyá àgbà kan wà, ọmọ Gã, tí a jọ ń gbé àgbàlá kan náà. Ó bá mi níbi tí mo ti ń fọ ìró náà, mo sì ro ẹjọ́ fún un. Ó ní, "Osofo," nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń pe pásítọ̀ níhìn-ín, "nígbà tí o bi ọmọ náà léèrè, kí ni ọmọ náà wí?" Mo dákẹ́. Èmi kò bi í léèrè ohunkóhun.

Ní alẹ́ ọjọ́ náà mo gbé e lé ẹsẹ̀, mo sì bi í pé kí ni ó ń dẹ́rù bà á. Ó pẹ́ kí ó tó la ẹnu. Nígbà tí yóò sọ̀rọ̀, ó ní, "Bàbá, ṣé Màmá ti kú ni?" Ó ti gbọ́ tí mo ń sọ lórí tẹlifóònù pé àìsàn Màmá le, kí a máa gbàdúrà kí ikú má mú Màmá lọ. Ìyá ìyàwó mi ni èmi ń pè bẹ́ẹ̀; ṣùgbọ́n Màmá kan ṣoṣo ni ọmọ náà mọ̀ láyé. Òun nìkan ni ó ń ru ẹrù yìí láti ọjọ́ náà, èmi sì gbé pàṣán lé e lórí.

Lójú ẹsẹ̀ ni mo pe ìyá rẹ̀. Ó gbọ́ ohùn rẹ̀, ó sì sùn. Èmi kì yóò purọ́ fún yín pé títọ̀ náà dáwọ́ dúró ní ọjọ́ kejì. Ó tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí ìyá rẹ̀ padà dé kí ó tó tán pátápátá. Ṣùgbọ́n láti alẹ́ ọjọ́ náà kò fi aṣọ pamọ́ mọ́. Bí ó bá tọ̀, òun fúnra rẹ̀ ni yóò wá jí mi.

Àwọn baba wa ní, ọmọ tí ó ń sunkún tí ó sì ń nawọ́ sí ibì kan, bí ìyá rẹ̀ kò bá sí níbẹ̀, baba rẹ̀ yóò wà níbẹ̀. A máa ń pa òwe yìí fún ara wa. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọmọ bá ń sunkún nínú ilé, ẹnu rẹ̀ ni a ń wò, kí ó lè pa á dé. A kì í wo ibi tí ọwọ́ rẹ̀ nà sí.

Àwọn oníṣègùn jẹ́rìí sí i pé bí ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún bá ń tọ̀ lóru, kì í ṣe ohun àjèjì, kì í sì í ṣe pé ó mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é, nítorí ojú oorun ni ó wà. Wọ́n sọ pẹ̀lú pé ọmọ tí ó ti ṣíwọ́ lè tún bẹ̀rẹ̀ bí ìbẹ̀rù tàbí àyípadà bá wọ inú ilé: bí ìyá bá rìnrìn àjò, bí a bá bí àbúrò, bí a bá kó lọ sí ilé mìíràn, tàbí bí baba àti ìyá bá ń jà. Àìsàn pẹ̀lú lè fà á. Bí ọmọ bá ń kígbe ìrora nígbà tí ó bá ń tọ̀, tàbí tí òùngbẹ ń gbẹ ẹ́ ní gbogbo ìgbà tí ó sì ń rù, ilé ìwòsàn ni kí a gbé e lọ.

Bí ó ti rí nípa títọ̀ sílé ni ó rí nípa igbe, ìgéni-jẹ, àti yíyí nílẹ̀. Apá iwájú ọpọlọ, èyí tí ènìyàn fi ń kó ara rẹ̀ ní ìjánu, kì í gbó tán títí ènìyàn fi lé ní ọmọ ogún ọdún. Ẹ wá rò ó wò: ohun tí kò tíì pé lọ́wọ́ ọmọ ogún ọdún ni a ń bèèrè lọ́wọ́ ọmọ ọdún mẹ́ta ní ọjà Makola, ní ọ̀sán gangan, nígbà tí ebi ń pa á tí oòrùn sì ń pa á. Ọmọ kékeré kò ní sùúrù tirẹ̀. Lọ́wọ́ àgbà ni ó ti ń yá a lò. Bí àgbà bá fi ariwo pàdé ariwo, lọ́wọ́ ta ni ọmọ yóò ti yá a?

Ẹ rántí wòlíì Èlíjà, nígbà tí ó sá lọ sí aginjù tí ó sì ní kí ẹ̀mí òun bọ́. Olúwa kò kọ́kọ́ bá a wí. Áńgẹ́lì jí i, ó fún un ní àkàrà àti omi. Ó jẹ, ó mu, ó sì tún sùn. A tún jí i, a tún bọ́ ọ. Lẹ́yìn oúnjẹ àti oorun ni ìbéèrè tó dé, pé kí ni ó wá ṣe níbẹ̀. Èlíjà sì tú ọkàn rẹ̀ jáde. Nígbà tí ó sọ tán ni a tó rán an ní iṣẹ́. Bí a bá ti bá wòlíì tí ó ti dàgbà lò báyìí, mélòó mélòó ni ọmọ ọdún mẹ́ta?

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò wí pé, "Pásítọ̀ fẹ́ kí a kẹ́ ọmọ bà jẹ́. Ṣé ìwé Òwe kò sọ̀rọ̀ ọ̀pá ni?" Ó sọ ọ́. Ṣùgbọ́n olùṣọ́-àgùntàn pẹ̀lú ní ọ̀pá. Ó fi ń darí agbo, ó sì fi ń lé ẹranko búburú, kò sì sí àgùntàn tí yóò máa tẹ̀ lé ẹni tí ń fi ọ̀pá fọ́ ọ lórí. Èmi kò sì wí pé kí a má bá ọmọ wí. Ìwé Mímọ́ sọ nípa Dáfídì pé kò bi Àdóníjà ọmọ rẹ̀ léèrè rí nípa ìṣe rẹ̀. Ọmọ náà sì dìde láti gba ìtẹ́ nígbà tí baba rẹ̀ ṣì wà láàyè. Ẹ wo ohun tí Dáfídì kùnà: ìbéèrè ni. Ẹni tí ń na ọmọ láìbéèrè àti ẹni tí ń fi ọmọ sílẹ̀ láìbéèrè, kò sí èyí tí ó mọ ọmọ rẹ̀ nínú àwọn méjèèjì.

Ìjọba ilẹ̀ tí a ń gbé yìí ti sọ̀rọ̀ pẹ̀lú. Gánà ni orílẹ̀-èdè tí ó kọ́kọ́ fi òǹtẹ̀ lu Àdéhùn Àgbáyé lórí Ẹ̀tọ́ Ọmọdé, ní oṣù February 1990. Òfin Ọmọdé ti 1998, ní ìpín 13, sọ pé ìbáwí kò gbọdọ̀ ju ọjọ́ orí àti agbára ọmọ lọ. Bí ọmọ bá sì kéré tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè mọ ìdí ìbáwí, ìbáwí náà kò tọ́. Ní 2019, àwọn aláṣẹ ètò ẹ̀kọ́ Gánà kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ gbogbo pé kí a ṣíwọ́ lílo ẹgba. Ní ojú ọ̀nà tí a ń gbà lọ sí ilé pàápàá, Togo ní 2007 àti Benin ní 2015 fi òfin de nínà ọmọ, àní nínú ilé òbí rẹ̀.

Ṣùgbọ́n òfin kò lè gbé ọmọ lé ẹsẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí mo rò pé ó sọnù láàrin wa. Àwọn ènìyàn wa ti pẹ́ ní ìlú yìí. Àdúgbò Ngleshie Alata ní James Town ṣì ń jẹ́ orúkọ tí a fi ń pe àwọn ará ìhà ilẹ̀ wa. Nígbà tí àṣẹ ìjọba jáde ní 18 November, 1969, pé kí àwọn àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú jáde láàrin ọ̀sẹ̀ méjì, ọ̀pọ̀ ìdílé di ẹrù wọn padà sí Ogbómọ̀ṣọ́, Ìlọrin, Ṣakí àti ìlú mìíràn, ọ̀pọ̀ agbo ilé sì túká. Ọ̀pọ̀ nínú àwa tí a dé lẹ́yìn wọn jẹ́ tọkọtaya àti ọmọ nìkan, nínú yàrá tí a háyà.

Nílé, bí baba bá mú pàṣán, ẹ̀yìn ìyá àgbà ni ọmọ ń sá sí. Ìyá àgbà yóò bẹ̀bẹ̀, yóò fa ọmọ mọ́ra, yóò ki í, yóò pè é ní Àjàní tàbí Àbẹ̀kẹ́, yóò sì bi í léèrè ohun tí ó ṣẹlẹ̀. Nígbà tí ó bá fi máa sọ tán, ìbínú baba ti rọ̀. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, kí a fi ọwọ́ òsì fà á mọ́ra. Ẹ̀yin ará, a gbé pàṣán wá sí Accra, a sì fi ìyá àgbà sílẹ̀ nílé. Ọwọ́ ọ̀tún nìkan ni ó kù fún àwọn ọmọ wa.

Nítorí náà mo bẹ̀ yín nípa nǹkan márùn-ún.

Èkínní: bí inú bá ń bí ọ, má ṣe fọwọ́ kan ọmọ. Mu omi, jókòó, jẹ́ kí ojú rẹ àti ojú ọmọ ṣe déédé, kí o sì rẹ ohùn rẹ sílẹ̀.

Èkejì: wò ó bóyá ebi ń pa á, bóyá oorun ń kùn ún, bóyá ara rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn náà bi í léèrè, kí o sì bá a wá orúkọ fún ohun tí ń ṣe é: "Inú ń bí ọ nítorí pé ó gba nǹkan rẹ," tàbí, "Àárò ìyá rẹ ń sọ ọ́." Ọmọ tí kò ní ọ̀rọ̀ fún ìbínú rẹ̀, eyín ni yóò fi sọ ọ́.

Ẹ̀kẹta: má ṣe yí òfin ilé padà nítorí ẹkún. Sọ fún un pé, "Mo gbọ́ pé inú ń bí ọ, ṣùgbọ́n èmi kì yóò jẹ́ kí o lu àbúrò rẹ," kí o sì di ọwọ́ rẹ̀ mú pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́.

Ẹ̀kẹrin: jẹ́ kí ìbáwí bá ẹ̀ṣẹ̀ mu. Ẹni tí ó da omi, kí ó nù ún. Ẹni tí ó tú ẹrù ká, kí ó kó o jọ. Nígbà tí ó bá sì ṣe dáadáa, yìn ín lójú ẹsẹ̀, bí a ti í bá a wí lójú ẹsẹ̀.

Ẹ̀karùn-ún: bí o bá ṣẹ ọmọ, bẹ̀ ẹ́. Mo bẹ ọmọ mi ní alẹ́ ọjọ́ náà. Kò fojú tín-ín-rín mi láti ìgbà náà títí di òní.

Sí ẹ̀yin ìyá àgbà inú ìjọ, ẹ̀bẹ̀ kan ṣoṣo ni mo ní. Kí olúkúlùkù yín mú ilé kan tí ọmọ kékeré wà, kí ẹ máa yà níbẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ bá ìyá ọmọ pọ̀n ọ́n kí ó lè sinmi díẹ̀. Ọ̀pọ̀ ẹgba tí a ń nà lálẹ́, àárẹ̀ ni ó ń nà án. Nígbà tí ẹ bá sì gbọ́ pé baba kan ti mú pàṣán, ẹ má ṣe bá a jà. Ẹ kàn bi í ní ohun tí ìyá àgbà ọmọ Gã nì bi mí: kí ni ọmọ náà wí?

Kí Olúwa fún wa ní etí tí ń gbọ́ ẹkún àwọn ọmọ wa. Àmín.