Ọmọ Tó Ń Yàwòrán Nínú Kíláàsì

Admin yín ni o, láti Basawa níbí. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa ni mo gbé wá, mi ò ní pẹ́.

Ní táàmù tó kọjá, tíṣà ọmọ mi ránṣẹ́ pè mí. Ó ṣí ìwé ìṣirò ẹ̀ hàn mí, àwòrán ló kún inú ẹ̀: ilé, kẹ̀kẹ́ Napep, àní ṣọ́ọ̀bù mi pàápàá. Tíṣà ní olódo ni. Mo délé, mo nà án, mo fa ìwé yẹn ya.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, àbúrò mi dé láti Ògbómọ̀ṣọ́. Kò gbọ́ Hausa rárá. Ó sọ̀ kalẹ̀ ní Kwangila, mo ń júwe ọ̀nà fún un lórí fóònù, kò yé e. Ni ọmọ yìí bá mú bébà, ó ya ọ̀nà náà: ibi mọ́ṣáláṣí, ibi tírànsífọ́mà, ibi àwọn mẹkáníìkì, ibi tí wọ́n á ti yà. Mo ya fọ́tò ẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Àbúrò mi fi han ọlọ́kẹ̀kẹ́, ìyẹn sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà wa. Ojú tì mí.

Ọgbọ́n nìyẹn o. Ọ̀jọ̀gbọ́n ará Amẹ́ríkà kan, Howard Gardner, kọ ọ́ sínú ìwé ní 1983 pé ọgbọ́n kì í ṣe oríṣi kan. Kéèyàn máa fi ojú inú rí bí nǹkan ṣe tò àti ibi tó wà, ọ̀kan nínú ẹ̀ ni. Òun ni télọ̀ ń lò tó fi ń gé aṣọ tí kì í ṣòfò. Yusuf Grillo, ọmọ Èkó, Zaria yìí ló ti wá kọ́ iṣẹ́ àwòrán, nílé ẹ̀kọ́ tó di ABU ní 1962. Ó padà di olórí ẹ̀ka iṣẹ́ ọnà ní Yaba Tech.

Ohun tí tíṣà máa ṣe kò gba owó. Tó bá ń kọ́ wọn ní ìdajì àti ìdámẹ́rin, kó gé ọsàn lójú wọn. Kó ní kí wọ́n ya máàpù ilé ìwé wọn. Ọmọ tí kò lè fẹnu ṣàlàyé, kó kọ́kọ́ ya ìdáhùn ẹ̀, kó tó wá kọ ọ́.

Mo mú bébà yẹn lọ bá tíṣà. Ó wò ó títí. Ní báyìí, ọmọ náà ló ń bá a yàwòrán sójú bọ́ọ̀dù. Ìṣirò ẹ̀ kò tíì dáa tán, ṣùgbọ́n kò sá fún un mọ́. Mo ti bẹ̀ ẹ́. Síbẹ̀, látọjọ́ yẹn, kò tíì ya ṣọ́ọ̀bù mi mọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, kẹ́ ẹ tó na tiyín, ẹ kọ́kọ́ bi í pé kí ló yà. Ó dàárọ̀ o.