Ẹ̀jẹ̀ Tí Kò Bá Ara Mu: Ọ̀rọ̀ Ìyànjú fún Àwọn Ọmọ Ìbàràpá



Ìlú ìbejì ni Igbó-Ọrà wa, ayé sì mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ a máa ya lára ìyá tí ó bí ìbejì ju ti ìyá ọlọ́mọ kan lọ. Nígbà mìíràn, ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn nìkan ni ó lè dá ẹ̀mí irú ìyá bẹ́ẹ̀ sí. Ìdí nìyí tí a fi mú ọ̀rọ̀ yìí wá síwájú yín.

Láyé àtijọ́, bí àwọn oníṣègùn Òyìnbó bá fa ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan sí ẹlòmíràn lára, a máa gba àwọn kan là, a sì máa pa àwọn mìíràn. Ní ọdún 1901 ni Karl Landsteiner, ní ìlú Vienna, fi ìdí rẹ̀ hàn pé ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kì í ṣe oríṣi kan. Lónìí, a mọ̀ wọ́n sí A, B, AB àti O.

Ara ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ jẹ́ O ní àwọn ẹ̀ṣọ́ nínú. Bí ẹ̀jẹ̀ A tàbí B bá wọlé, wọn a kà á sí ọ̀tá, wọn a sì fọ́ ọ túútúú. Láìpẹ́, òtútù a mú aláìsàn gbọ̀n, ibà a dé, ẹ̀yìn a máa dùn ún, èémí a há, ìtọ̀ rẹ̀ a pọ́n tàbí kí ó dúdú, kíndìnrín sì lè daṣẹ́ sílẹ̀. Bí ẹ bá rí èyíkéyìí nínú wọn, ẹ ké sí nọ́ọ̀sì lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n dá ẹ̀jẹ̀ náà dúró.

Ohun méjì ni kí a ṣọ́ra fún. Èkíní: ìbátan kò túmọ̀ sí pé ẹ̀jẹ̀ bá ara mu. Ọ̀pọ̀ ìbejì wa ni kì í ṣe ọmọ ẹyin kan náà. Táíwò lè jẹ́ A, kí Kẹ́hìndé jẹ́ O. Ìfẹ́ kò lè rọ́pò àyẹ̀wò.

Èkejì: ṣíṣi ẹ̀jẹ̀ ẹnìkan gbé fún ẹlòmíràn wà lára ohun tí ó ń fa ewu yìí jù káàkiri àgbáyé. Ní ìlú tí Táíwò pọ̀ ní agbo ilé gbogbo, bí nọ́ọ̀sì bá bèèrè orúkọ nígbà mẹ́wàá, ẹ má ṣe bínú. Ẹ dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ baba àti ọjọ́ orí. Bí aláìsàn kò bá lè sọ̀rọ̀, kí ará ilé rẹ̀ sọ ọ́.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ yín wò, kí ẹ sì fi tọrẹ kí ọjọ́ ìṣòro tó dé. Abèèrè kì í ṣìnà. Ẹ jẹ́ kí á bèèrè, kí ẹ̀jẹ̀ tí a fi ìfẹ́ fúnni má ṣe di ikú fún ẹni tí a fẹ́ràn.