Kí Ẹ Tó San Owó Ọkọ̀ Tòkunbọ̀, Ẹ Wo Abẹ́ Rẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo mú wá lónìí kan ẹ̀yin tí ẹ ń fi owó pamọ́ díẹ̀díẹ̀ láti ra ọkọ̀, pàápàá ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ojú yín wà lára ọkọ̀ eré, oníléẹ̀kùn méjì, tí ó rẹlẹ̀ mọ́lẹ̀, tí ó sì ń ké ramúramù bí ó bá ń gun òkè Èkìtì. Toyota Celica jẹ́ ọ̀kan nínú wọn. Ó wu ojú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ọdún 2006 ni wọ́n dá ṣíṣe rẹ̀ dúró, nítorí náà èyí tí ẹ óò rí rà ti dàgbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ yín.

Kò sí ọmọ Yorùbá tí kò mọ ìdí tí a fi ń sọ ọmọ ní Tòkunbọ̀. Ọmọ tí a bí sí òkè òkun tí a sì gbé wá sílé ni. A wá fún ọkọ̀ àlòkù ní orúkọ ọmọ yìí, ó sì yẹ ẹ́. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti òkè òkun dé, ìyá rẹ̀ á sọ àìsàn tí ó ti ṣe é rí. Ọkọ̀ kò ní ìyá tí yóò sọ tirẹ̀.

Ní ìhà àríwá Amẹ́ríkà, bí ìpínlẹ̀ Michigan, Ohio àti New York, àti ní ilẹ̀ Kánádà, yìnyín a máa bo títì nígbà òtútù. Kí ọkọ̀ má baà yọ̀, wọn a da iyọ̀ sí ojú ọ̀nà, nítorí omi oníyọ̀ kì í tètè dì. Iyọ̀ tí ń gba ẹ̀mí awakọ̀ là yìí kan náà ni ó ń jẹ irin ọkọ̀. Á ta sí abẹ́, á wọ gbogbo kọ̀rọ̀, á sì jókòó síbẹ̀ pẹ̀lú omi. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sóko mọ bí àdá ṣe ń dógùn-ún bí a bá gbàgbé rẹ̀ sínú ìrì. Ẹ wá ro ti àdá tí a rẹ sínú omi iyọ̀ fún oṣù mélòó kan lọ́dọọdún, fún odindi ọdún mẹ́wàá.

Ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kéékèèké kò ní ṣásí tí ó dá dúró bí ti lọ́rì. Páánù tí a jó pọ̀ ni ara wọn, ara náà ni egungun. Ní ìlú Abingdon, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni wọ́n ti ṣe ọkọ̀ eré kan tí ń jẹ́ MGB láti ọdún 1962 títí di 1980. Ẹni tí ó mọ̀ ọ́n rà kì í kọ́kọ́ bèèrè ẹ́ńjìnnì rẹ̀. Irin tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn méjèèjì ni yóò kọ́kọ́ tẹ̀ wò. Bí irin náà bá jẹrà, àárín ọkọ̀ á tẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì ní pa dé dáadáa mọ́. Àwa náà mọ irú rẹ̀ lára Ìjàpá, Volkswagen tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Èkó ní ọdún 1975. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì rẹ̀ wà, bí omi bátìrì bá sì ti dà síbẹ̀, ìpẹtà á jẹ ilẹ̀ ọkọ̀ náà lu.

Olùkọ́ kan tí mo mọ̀ ní apá ọ̀dọ̀ wa yá owó lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù láti ra ọkọ̀ eré pupa kan. Ọ̀dà rẹ̀ ń dán débi pé ènìyàn lè fi ṣe dígí. Òjò ọdún kejì ni ó tú àṣírí. Omi ń ta sí i lẹ́sẹ̀ bí ó ti ń wakọ̀. Ó ká kápẹ́ẹ̀tì, ó rí títì. Kò pẹ́ lẹ́yìn náà, ní ọ̀nà Ìkòlé sí Òmùò, ó já sínú kòtò kan, ibi tí ṣọ́ọ̀kì ẹ̀yìn dì mọ́ sì ya bí ìwé. Ìyàwó rẹ̀ àti ọmọ méjì wà nínú ọkọ̀. Eré tí ó ń sá kò pọ̀, ni wọ́n fi bọ́ láìfarapa. Ọkọ̀ náà di ilé adìyẹ ní ọgbà mẹkáníìkì, wọ́n sì tún ń yọ gbèsè rẹ̀ nínú owó oṣù rẹ̀ fún oṣù 14 gbáko.

Báwo wá ni kí ẹ ṣe yẹ ọkọ̀ wò? Ẹ lọ ní òwúrọ̀, kí ara rẹ̀ sì gbẹ. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀ ọ́, ẹ dúró, nítorí omi a máa fún ògbólógbòó ọ̀dà ní dídán tí kì í ṣe tirẹ̀. Ẹ mú páńẹ̀lì-bítà tiyín lọ, kì í ṣe èyí tí olùtà yóò bá yín pè. Mẹkáníìkì nìkan ni àwọn ènìyàn sábà ń mú lọ, nítorí ẹ́ńjìnnì. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ́ńjìnnì ṣeé pààrọ̀, ara ọkọ̀ kò ṣeé pààrọ̀.

Ẹ mú irin òòfà kékeré dání. Ó wà nídìí sípíkà rédíò tí ó ti bàjẹ́. Àwa oníṣẹ́ rédíò kì í wá a tì. Ẹ fi aṣọ fẹ́lẹ́ wé e kí ó má baà ha ọ̀dà, kí ẹ máa fi kan etí ibi tí táyà wà, ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti igun búùtù. Bí irin bá wà níbẹ̀, á lẹ̀ mọ́ ọn. Bí kò bá lẹ̀ níbi tí ó yẹ kí irin wà, pọ́tì ni wọ́n fi dí ihò kí wọ́n tó kun ọ̀dà lé e. (Bọ́ńpà oníke kò sí nínú èyí o.) Ọ̀dà tí ó bá wú bí ìléròrò, ìpẹtà ni ó ń tì í láti inú, ohun tí ó tó kọ́bọ̀ lóde lè tó àtẹ́lẹwọ́ nínú.

Ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ gbé sípíà táyà kúrò nínú búùtù, kí ẹ wo ìdí rẹ̀, nítorí omi fẹ́ràn ibẹ̀. Lẹ́yìn èyí, kí wọ́n wa ọkọ̀ gun orí kòtò mẹkáníìkì; ẹ má ṣe wọ abẹ́ ọkọ̀ tí jáàkì nìkan gbé dúró. Ẹ wo ibi tí ṣọ́ọ̀kì dì mọ́, ẹ wo àwọn irin gbọọrọ tí ó ti iwájú lọ sẹ́yìn, àti páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí òróró bíréèkì ń gbà kọjá. Ẹ fi irin kékeré lù wọ́n jẹ́jẹ́: irin tí ó yè á dún ketekete, èyí tí ó jẹrà á dún bí páálí. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kun gbogbo abẹ́ ní ọ̀dà dúdú, ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n ń bò.

Ẹ má sì sá fún gbogbo ohun pupa tí ẹ bá rí. Kò sí páìpù èéfín àtijọ́ tí kì í dípẹtà. Àwo bíréèkì lè pọ́n lẹ́yìn òjò òru kan ṣoṣo, ìtẹ̀ mélòó kan á sì nù ún mọ́. Fẹ́ńdà iwájú, bọ́nẹ́ẹ̀tì àti ìdérí búùtù, bóòtì ni ó sábà ń dè wọ́n. Ẹ lè fi wọ́n dúnàá-dúrà. Ṣùgbọ́n bí ìpẹtà bá ti wọ irin abẹ́ ilẹ̀kùn tàbí ibi tí ṣọ́ọ̀kì dì mọ́, kò sí ẹ̀dínwó tí ó tó.

Ẹlòmíràn á sọ pé láti Texas ni ọkọ̀ òun ti wá, níbi tí yìnyín kò ti pọ̀. Ẹ rántí pé ní oṣù Kẹjọ ọdún 2017, ìjì Harvey da omi bo Houston, ọkọ̀ tí ó rì kò sì lóǹkà. Ẹ wo irin tí àga ń rìn lórí rẹ̀ bóyá ó ti dípẹtà, kí ẹ sì gbóòórùn abẹ́ kápẹ́ẹ̀tì. Lára ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti ọdún 1981, nọ́ńbà kan wà tí ó ní lẹ́tà àti fígọ̀ 17. Ẹ óò rí i láti ìta nínú dígí iwájú. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, kí ẹ fi wádìí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ lè mọ ìpínlẹ̀ tí ọkọ̀ náà ti gbé. Bí olùtà kò bá jẹ́ kí ẹ kọ nọ́ńbà, tí kò sì jẹ́ kí ọkọ̀ rẹ̀ gun orí kòtò, ẹ kí i pé ó dìgbà, kí ẹ wọ ọkọ̀ èrò padà sí Òmùò.