Ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì Méjì, Ẹ̀wọ̀n Méjì

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ gbangba tí a ṣe ní Komu, Ìjọba Ìbílẹ̀ Ìtẹ̀síwájú, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́



Ìyàtọ̀ tó wà láàárín àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó fara jọra ni ẹ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí. Ẹ̀yin olùkọ́ yóò ti máa retí borrow àti lend, tí àwa ń fi “yá” kan ṣoṣo sọ, tàbí teach àti learn, tó jẹ́ “kọ́” kan náà lẹ́nu wa. Ọ̀rọ̀ gidi ni wọ́n, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ṣì wọ́n lò nínú ìdánwò WAEC, máàkì ló máa pàdánù. Àwọn mìíràn wà tó jẹ́ pé ẹ̀wọ̀n, ilẹ̀ tàbí ẹ̀mí ló wà nídìí wọn. Àwọn yẹn ni mo gbé wá, nítorí bí ẹjọ́ bá ti kọjá kóòtù ìbílẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì ni adájọ́ fi ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ wo olè jíjà. Ọmọkùnrin kan mú fóònù lórí tábìlì nígbà tí ẹni tó ni ín ń sùn. Onífóònù lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, ó ní, “Ó jà mí lólè.” Kò sí Yorùbá tí yóò ní ó ṣì í sọ. Ọlọ́pàá wá kọ ọ́ sílẹ̀ pé he robbed me. Ọ̀ràn ti yí padà nìyẹn. Stealing ni kéèyàn gbé ohun olóhun lọ. Nínú Òfin Ìwà Ọ̀daràn tí gúúsù Nàìjíríà ń lò láti 1916, ẹ̀wọ̀n ọdún 3 ló sábà máa ń fà. Robbery ni kó jalè, kó sì lo ipá tàbí ìhàlẹ̀ láti fi gba nǹkan náà tàbí kí wọ́n má baà gbà á padà lọ́wọ́ rẹ̀. Òfin tí ìjọba ológun kọ́kọ́ gbé jáde ní 1970, lẹ́yìn ogun abẹ́lé, tí wọ́n sì tún ṣe ní 1984, ní ẹ̀wọ̀n rẹ̀ kò gbọdọ̀ dín ní ọdún 21. Bí ohun ìjà bá wà lọ́wọ́ ẹni náà, ikú ni. Ẹni tó wa iṣu lóko olóko, olè ni. Tí olóko bá ká a mọ́, tó wá yọ àdá sí olóko kó lè ráyè gbé iṣu náà lọ, ó ti kúrò ní stealing.

Fífọ́ ilé náà pín sí méjì. Housebreaking lè fa ọdún 14. Burglary, tó jẹ́ ti òru, lè fa ẹ̀wọ̀n gbére. Òfin ló sọ ìgbà tí òru bẹ̀rẹ̀: láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ títí di mẹ́fà ààbọ̀ òwúrọ̀. Ní Komu níbí, nínú oṣù kẹfà ọdún, oòrùn ṣì wà lójú ọ̀run nígbà tí agogo méje bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ẹlẹ́rìí yóò ní “ilẹ̀ ò tíì ṣú,” òótọ́ ló sì sọ, ṣùgbọ́n òru ni lójú òfin. Aago gan-an ni kó sọ.

Èyí tó ká mi lára jù ni ti ọdẹ. Ó tan iná sínú igbó lóru, ó rí ohun tó ń mì, ó yìn ín. Èèyàn ni. Ó sáré wálé, ó fẹjọ́ ara rẹ̀ sùn pé, “Mo ṣèèṣì yìnbọn pa á ni.” Bí akọ̀wé bá kọ ọ́ pé I shot and killed him, “ṣèèṣì” ti bọ́ sílẹ̀, ohun tó kù sì fẹ́ jọ murder, tí ìjìyà rẹ̀ jẹ́ ikú. Manslaughter, pípa ènìyàn láìgbèrò rẹ̀, bóyá nítorí àìbìkítà tó burú, lè fa ẹ̀wọ̀n gbére. Èyí tó jẹ́ àgbákò pátápátá, tí kò sí àìbìkítà nínú rẹ̀, òfin kò ka ẹnikẹ́ni sí ọ̀daràn lé e lórí. Ọ̀nà mẹ́ta nìyẹn, ọ̀rọ̀ kékeré kan ló sì pín wọn níyà.

Àwọn kan máa ń sọ pé èdè Yorùbá kò ní ìyàtọ̀ wọ̀nyí. Mi ò gbà bẹ́ẹ̀. A ní “mọ̀ọ́mọ̀,” a ní “ṣèèṣì,” a ní “fipá gbà,” a ní gbéwiri, a ní adigunjalè. Gẹ̀ẹ́sì a máa fún ìwà kọ̀ọ̀kan ní orúkọ tirẹ̀. Àwa a máa fi ìyàtọ̀ náà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe. Nígbà tí ìdààmú bá bá wa, tàbí tí ọlọ́pàá bá ń kánjú, ohun tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀-ìṣe yẹn ni ó máa ń kọ́kọ́ sọnù. Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni kó gbé e dé òdìkejì. Ọmọ Òkè-Ògùn tiwa wà lára àwọn tó kọ́kọ́ ṣe irú iṣẹ́ yìí sínú ìwé: Samuel Ajayi Crowther, tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, tí ìwé àkójọ ọ̀rọ̀ Yorùbá rẹ̀ jáde ní London ní 1843.

Ó kan ilẹ̀. Bàbá kan fún àlejò ní ilẹ̀ ro, àlejò ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ́dọọdún, bóyá iṣu àti àgbàdo. Lójú àṣà, tí àwọn ilé ẹjọ́ gíga sì ti fọwọ́ sí, ìjẹ́wọ́ ni ìṣákọ́lẹ̀: àlejò ń fi sọ pé èmi kọ́ ni mo ni ilẹ̀ yìí. Ó lè jókòó títí, kí àwọn ọmọ rẹ̀ ro ó lẹ́yìn rẹ̀, àfi tó bá hùwà àìtọ́, bí kó tà á tàbí kó ní òun ló ni ín. Nígbà tí ọmọ tó lọ sí ilé ìwé bá wá kọ ọ́ sínú ìwé pé rent, ó ti sọ ọ́ di owó ilé. Onílẹ̀ lè fún ayálégbé ní nótíìsì kó kó jáde. Tó bá kọ ọ́ pé lease, ọjọ́ tí yóò parí ti wà nínú ìwé náà. Àlejò tó ti lo ogójì ọdún lórí ilẹ̀ lè fi ọ̀rọ̀ kan pàdánù rẹ̀.

Títa ilẹ̀ ẹbí tún nìyí. Bí ọmọ ẹbí kan bá tà á láìsí olórí ẹbí níbẹ̀, void ni: bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀ rí. Bí olórí ẹbí bá tà á láìfi tó àwọn àgbà ìdílé létí, voidable ni: títà náà dúró títí àwọn ẹbí yóò fi lọ sí ilé ẹjọ́ láti fà á lulẹ̀, bí wọ́n bá sì fi falẹ̀, ilẹ̀ lè lọ. Ẹnu wa a máa ní “kò fẹsẹ̀ múlẹ̀” fún méjèèjì, àwọn ẹbí a sì fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n á rò pé títà náà ti bàjẹ́ fúnra rẹ̀. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Ẹ tètè gbéra.

Òfin tó ń dáàbò bo ẹni tí kò mọ̀wé wà ní ìpínlẹ̀ wa. Ẹni tó bá bá yín kọ ìwé gbọ́dọ̀ kà á fún yín ní èdè tí ẹ gbọ́ kí ẹ tó tẹ̀ka, kó sì kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i. Ẹ béèrè fún un. Ìwé Òfin Nàìjíríà ti 1999 sì fún ẹni tí wọ́n bá fẹ̀sùn ọ̀daràn kàn ní ẹ̀tọ́ sí ògbufọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, bí kò bá gbọ́ èdè tí wọ́n fi ń ṣẹjọ́. Bí ògbufọ̀ bá sọ ohun tí ẹ kò sọ, ẹ má dákẹ́. Ẹ sọ fún adájọ́ lójú ẹsẹ̀ kó kọ ọ́ sínú ìwé ẹjọ́, kí ilé ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lè rí i níbẹ̀.