Ibo Ni Iṣu Wa Ti Ṣẹ̀ Wá?

Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ìyá wa, àgbẹ̀ Ọ̀yọ́ àti ti Ògbómọ̀ṣọ́, n kò wá kọ́ yín bí a ṣe ń kọ ebè. Ẹ ti ń kọ ọ́ kí wọ́n tó bí mi. Ibi tí iṣu funfun ti ṣẹ̀ ni mo fẹ́ sọ, àti bí ó ṣe kan èèbù tó wà lábà yín.

Bí a bá rí ẹni tó kọ àbàjà tàbí gọ̀m̀bọ́, ilà ojú rẹ̀ a máa sọ ibi tó ti wá. Iṣu náà ní ilà, ṣùgbọ́n inú ara rẹ̀ ló wà, ojú lásán kò lè rí i. DNA ni wọ́n ń pè é. Òun ni ìyá àti bàbá fi ń fún ọmọ ní àbùdá. Àwọn onímọ̀ a já ewé iṣu, wọn a gbé e lọ sí ilé àyẹ̀wò, wọn a ka ilà yìí, wọn a fi ti iṣu kan wé ti òmíràn. Àwọn tí ilà wọn bá jọra jù ni ìbátan tó sún mọ́ra jù.

Ní ọdún 2019, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí iṣu 167, iṣu oko àti iṣu igbó pọ̀. Wọ́n rí i pé ọmọ iṣu igbó kan, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Dioscorea praehensilis, ni iṣu funfun wa, àti pé agbègbè odò Ọya ni àwọn baba ńlá ti sọ ọ́ di iṣu oko. Ní 2020, àwọn onímọ̀ Japan pẹ̀lú IITA ní Ìbàdàn sọ pé iṣu igbó yìí nìkan kọ́, òun àti iṣu ọ̀dàn kan ló jọ bí i. Ẹnu kò tíì kò lórí òbí kejì yìí, ṣùgbọ́n ó kò lórí pé Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà níbí ni iṣu funfun ti ṣẹ̀. Ewùrà ni àlejò. Éṣíà ló ti wá.

Iṣẹ́ àwọn baba ńlá yẹn kò sì tíì dúró. Ní ilẹ̀ Benin, àwọn àgbẹ̀ kan, títí kan àwọn Nàgó ìbátan wa, ṣì ń wa iṣu nínú igbó, wọn a máa gbìn ín sí ebè fún ọdún 3 sí 6 títí yóò fi di iṣu jíjẹ.

Kí ló wá kàn wá níbẹ̀? Èèbù kì í ṣe ọmọ. Ara iṣu kan náà ni. Tí ẹ bá fi Lásínrín kan ṣe èèbù títí ó fi di 1,000 ebè, ẹ̀jẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀. Àrùn tó bá mọ ọ̀nà wọ ọ̀kan ti mọ ọ̀nà wọ gbogbo wọn. Ara iṣu igbó àti iṣu àtijọ́ ni a ti lè rí àbùdá tí a ó fi bí iṣu tó lè kọjú àrùn. Bí a bá fi iná jó wọn tán, kò sí ilé àyẹ̀wò tó lè dá wọn padà.

Nítorí náà, mo bẹ̀ yín:

1. Tí ẹ bá ń ṣán oko, tí ẹ rí ìtàkùn iṣu igbó, ẹ dá igun ibẹ̀ sí, ẹ sì ro etí rẹ̀ yíká kí iná má baà dé ibẹ̀.

2. Ẹ má tìtorí pé irú kan ń tà lọ́jà sọ ìyókù nù. Ẹ gbin irú àtijọ́ kọ̀ọ̀kan sí ebè bíi 10, kí ẹ má sì da èèbù wọn pọ̀.

3. Tí ẹ bá rí iṣu tí ẹ kò mọ̀, ẹ sàmì sí ibẹ̀, kí ẹ sọ fún olùkọ́ àgbẹ̀ yín. Ẹ má tọ́ ọ wò o. Iṣu igbó míràn ní májèlé.

IITA ń tọ́jú ẹgbẹẹgbẹ̀rún iṣu sí ilé ìpamọ́ wọn ní Ìbàdàn. Èyí tí kò bá tíì dé ọ̀dọ̀ wọn, ọwọ́ yín ló wà.